Bí Màmá tàbí Bàbá bá ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn ra mọ́tò: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tá a máa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́ nínú ẹbí wa. Ẹja ni Màmá ń tà, ó sì ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún báyìí, orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀kadà ò sì bá ọjọ́ orí wọn mu mọ́. Wọ́n kó owó àjọ wọn, wọ́n fi owó ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n tà kún un, ni wọ́n bá pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, wá bá mi wo mọ́tò. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa nǹkan ìgbàlódé."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a jáde, èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo ń sọ̀rọ̀ ju Màmá lọ. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ ṣe rí mi pẹ̀lú fóònù ńlá lọ́wọ́, òyìnbó ló ń sọ sí mi, ó wá kẹ̀yìn sí ẹni tó lowó. Èmi náà la ẹnu, mo ní, "Ọkọ̀ yìí mà dáa o." Láti ìgbà yẹn, ọkùnrin náà ò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú iye tó pè mọ́. Camry 2009 ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní "Muscle." Díẹ̀ ló kù kí n ní ká sanwó.

Màmá ló wọnú ẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa imú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Omi ti sùn nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Òórùn lọ́fínńdà nìkan ni èmi gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ti ń gbọ́ òórùn ẹja àti omi ọ̀sà láti ogójì ọdún mọ ohun tó wà lábẹ́ lọ́fínńdà. Nígbà tí mo délé, mo tẹ nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ náà sórí Google. Fọ́tò ẹ̀ jáde láti ibi tí wọ́n ti tà á ní gbàǹjo l'Amẹ́ríkà, ẹrẹ̀ sì wà lórí àwọn ìjókòó ẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: bí ẹ bá ń bá àgbà ra mọ́tò, ẹ má gba ọjà náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Tiyín ni nọ́ńbà, ìwé àti mẹkáníìkì. Tiwọn ni owó, ìdúnàádúrà àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

ẸJẸ́ KÍ ÌBÉÈRÈ ṢÁÁJÚ, KÍ Ọ̀NÀ TẸ̀ LÉ E

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ máa gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹni tó bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Máìlì 12 àti Kétu, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa bá jà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í gbóná, tí AC ẹ̀ ń tutù dáadáa, ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò. Ẹni tó bá ń gba Ìtóìkín bọ̀ sí Ẹ̀pẹ́, àbí tó máa ń yà sí Ìmọta, Agbówà àti Ejìnrìn, ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò sún mọ́ ilẹ̀ jù ló yẹ ẹ́, torí kòtò.

Ẹ bi wọ́n pé ta ló máa wà á. Bó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ tàbí awakọ̀ ni, ìjókòó ẹ̀yìn lẹ máa fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kí àgbà wọlé, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ tó bá kéré jù á máa fa orúnkún, jíìpù tó bá ga jù á máa fẹ́ kí wọ́n gùn ún bí àkàbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi fẹ́ràn Toyota Sienna: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀ ń yí gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, ẹrù sì ń gbà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì oní-pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́fà ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì ń mu epo ju oní-mẹ́rin lọ. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré mọ́ lápò àgbà.

Ẹ bi wọ́n pé èló lápapọ̀. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ lọ sórí ọkọ̀. Ó kéré tán, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ìwé, táyà, bátìrì àti ọ́ìlì. Tòkunbọ̀ tí kò ní béèrè nǹkan lóṣù àkọ́kọ́ ṣọ̀wọ́n.

TÍÀ RỌ́BÀ, TÒKUNBỌ̀, ÀBÍ ÈYÍ TÍ WỌ́N TI LÒ NÍBÍ

Bí àgbà bá ń sọ pé tíà rọ́bà làwọn fẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan wà tí kì í ṣe àlá. Ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ l'Ékòó. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń yá owó níbi iṣẹ́ láti fi ra 504 tàbí "ìjàpá," wọ́n á sì san án díẹ̀díẹ̀. Lónìí, Innoson ń ṣe ọkọ̀ ní Nnewi, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà sì ń ta tuntun. Ṣùgbọ́n látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, owó ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ibi tí tòkunbọ̀ ti wọlé nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n gbé wálé, là ń sọ ní Tòkunbọ̀. Orúkọ yẹn bá ọkọ̀ mu, àmọ́ kì í sọ irú ìyà tó ti jẹ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà máa ń dín owó kù. Ó dáa bẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ni ín: aládùúgbò tó ń lọ sílùú òyìnbó, tàbí ará ìjọ tàbí ará mọ́ṣáláṣí yín. Ẹ lè lọ bá mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó ti ṣe sí i rí.

Bẹ́gà, lójú ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì, ni ọjà ọkọ̀ táwọn èèyàn mọ̀ jù l'Ékòó. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀, alágbàtà náà sì pọ̀. Bẹ́ ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nítòsí, ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ lè má pọ̀ láti yàn nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bá a bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ohun kan rèé tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àgbà kedere: ọkọ̀ "gbàǹjo kọ́sítọ́ọ̀mù" tí wọ́n ń polówó lórí Facebook àti WhatsApp ní owó pọ́ọ́kú, jìbìtì ni. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ léraléra. Orí íkànnì wọn ni wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo láti ọdún 2017, wọn kì í ní kéèyàn fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan.

NỌ́ŃBÀ ṢÁSÍ: IṢẸ́ TIYÍN NÌYÍ

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ṣásí tó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lápá awakọ̀, ó sì tún máa ń wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ti inú ìwé mu. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ máa lọ.

Bí òǹkà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Kánádà, J ni Japan. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ka a dé ìkẹwàá: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Bí wọ́n bá ní 2011 ni, tẹ́ ẹ wá rí 8 níbẹ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ tà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ sórí Google. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ló gba ibi gbàǹjo bíi Copart tàbí IAAI kọjá, fọ́tò wọn sì máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè rí ọkọ̀ yín níbi tí iwájú ẹ̀ ti rún. Pé ó ti ní jàǹbá rí kò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ má rà á, àmọ́ owó ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ọkọ̀ tí kò rí jàǹbá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìtàn ẹ̀ ní kíkún, Carfax ń tà á.

Iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Àwọn báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ Honda, Toyota, Nissan àtàwọn mìíràn. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba kẹ́míkà inú ẹ̀ jẹ́. Bó bá wá bú nígbà jàǹbá, ó lè fọ́n irin sára ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 67 irú ẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà l'Amẹ́ríkà nìkan. Àwa tá a ń gbé létí ọ̀sà, nínú ooru àti ọ̀rinrin, la ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ tẹ nọ́ńbà ṣásí náà sí íkànnì NHTSA, ìyẹn àjọ ààbò ojú pópó l'Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ní ẹnikẹ́ni ò tíì pààrọ̀ báàgì yẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní Nàìjíríà, kẹ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe sí i.

OJÚ, IMÚ ÀTI ỌWỌ́

Ìjì líle Harvey ní Texas lọ́dún 2017 àti Ian ní Florida lọ́dún 2022 fi omi ba ọkọ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ jẹ́. Ọkọ̀ tómi ti mu lè rìn dáadáa lónìí, kí wáyà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lóṣù mẹ́fà sí i. Ẹ ṣe bíi ti Ìyá Ẹ̀pẹ́: ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ fa imú. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá, ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà ní ìdí ẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo ìdí táyà àpamọ́ nínú búùtù. Ìpẹtà lára irin abẹ́ ìjókòó, nígbà tí ara ọkọ̀ ń dán gbinrin, ó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ìdí.

Ẹ wo táyà. Òǹkà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè ní eyín dáadáa kó sì ti gbó.

Ọkọ̀ tí wọ́n yí sítíà ẹ̀ láti ọ̀tún sósì, ẹ sá fún un. Àgbà yín á rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ tí gbogbo Nàìjíríà yí láti apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Látìgbà náà, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò bá títì wa mu mọ́, àwọn kan sì ń yí sítíà ẹ̀ ní ìyíkúyìí.

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, ẹni tẹ́ ẹ san owó ẹ̀ fúnra yín. Ẹ sọ fún ọlọ́jà tẹ́lẹ̀ pé kó má tan ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná lè fi àìsàn ẹ̀ pamọ́. Kí mẹkáníìkì wà á dé títì, kó fi gbogbo gíà rìn, kó tẹ búréèkì lójijì, kó gba kòtò. Kó wá kọ gbogbo àléébù tó bá rí sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí yóò ná yín láti tún un ṣe. Bébà yẹn ṣe pàtàkì, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

ÌWÉ

Fún tòkunbọ̀, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ló ṣáájú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gba Kùtọnu wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, fàyàwọ́ ni, bó ti wù kí àlàyé ọlọ́jà dùn tó. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lójú títì, owó àgbà á sì wọmi. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà ṣásí wà lórí ìwé owó orí tí wọ́n san, kẹ́ ẹ sì mú un lọ fún aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù tó ní ìwé àṣẹ kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún èyí tí wọ́n ti lò níbí, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ẹni tó ń tà á mu. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ lọ yí orúkọ padà lọ́fíìsì MVAA ìpínlẹ̀ Èkó. Kí VIS yẹ ọkọ̀ náà wò níbi ẹ̀rọ LACVIS kẹ́ ẹ tó gbàwé pé ó yẹ lójú títì. Ìbánigbófò tó kéré jù jẹ́ N15,000 lọ́dún láti ọdún 2023 fún ọkọ̀ tara ẹni. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íkànnì NIID bóyá ojúlówó ni.

Orúkọ àgbà ni kó wà lórí gbogbo ìwé. Ẹ má ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lórúkọ mi, torí kó rọrùn." Lọ́jọ́ tí wọn ò bá sí mọ́, ìwé yẹn ló máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àtàwọn ọmọ wọn.

ÌDÚNÀÁDÚRÀ: ẸNU ÀGBÀ NI KẸ́ Ẹ FI SÍ

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wo iye tí wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà, ọdún kan náà, lórí Jiji. Ẹ wo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ rántí pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ wá bá àgbà jókòó, kí wọ́n dá iye tí wọn ò ní kọjá, kẹ́ ẹ sì jọ ní àmì. Àmì tiwa ni gèlè: bí Màmá bá ti tún un wé, ká máa lọ nìyẹn.

Nígbà tá a wá rí Corolla 2010 kan tí nọ́ńbà ẹ̀ mọ́, tí ìwé ẹ̀ pé, mo ti kọ́gbọ́n. Bí ọlọ́jà ṣe kọjú sí mi, mo ní, "Màmá ló lowó, ẹ bá wọn sọ ọ́." Ó bá kọjú sí wọn.

"Màmá, torí tiyín ni o, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án."

"Ọlọ́run á bùkún ọjà yín, ọmọ mi. Ẹ gba mílíọ̀nù méje."

"Háà, Ìyá wa! Iye tá a fi gbé e wá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo gbọ́. Ọmọ mi, ka ohun tí mẹkáníìkì kọ."

Mo ka bébà náà: táyà méjì, AC tí kò tutù, ṣọ́ọ̀kì iwájú kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ N420,000. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ọkùnrin náà já a sí mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Màmá fi kún tiwọn, wọ́n ní méje àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn lómi. Wọ́n bi í pé ọmọ ìlú ibo ni, wọ́n béèrè ìyá ẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún un. Wọ́n wá tún gèlè wọn wé.

A ti dé ẹnu géètì nígbà tó pè wá: "Ìyá mi, ẹ padà wá." Mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ la sọ ọ́ sí. Màmá tún béèrè èènì: jáàkì, ẹ̀rọ panápaná, àti irin onígun mẹ́ta tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń béèrè. Ó fún wọn.

Bẹ́ ẹ bá rí àléébù tí àgbà ò rí, ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá já wọn níyàn lójú ọlọ́jà, ẹni tó ń bá yín ná an ti rí ibi tó máa gbà wọlé.

OWÓ SÍSAN

Ẹ má jẹ́ kí àgbà gbé owó nínú báàgì lọ sójú ọjà ọkọ̀. Báńkì ni kẹ́ ẹ gbà san án, sínú àkáǹtì tí orúkọ ẹ̀ bá orúkọ orí ìwé ẹ̀rí mu. Ẹ ka ìwé àdéhùn sókè fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n fọwọ́ sí i fúnra wọn, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní kẹ́ ẹ san owó ìdákọ̀dúró kẹ́ ẹ tó rí ìwé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ máa lọ.

Orúkọ Màmá ló wà lórí ìwé ọkọ̀ náà lónìí, lẹ́tà EPE ló sì wà lára nọ́ńbà ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́jà, ọ̀rá nípọnnípọn ni wọ́n tẹ́ sínú búùtù kí wọ́n tó gbé agbada ẹja sí i. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ àwọn lọ́jọ́ iwájú wọnú ẹ̀, kó wá fa imú.